Autopilot Boeing 727 nínú simulator: ó ń tọ ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kì í dúró

Awakọ̀_Òkèfìà béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ òfuurufú lórí kọ̀ǹpútà. Òkèfìà níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọkọ̀ òde òní ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú A320 tí ènìyàn máa ń tẹ gbogbo ọ̀nà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nídìí ìjókòó kí ó tó gbéra, tí ọkọ̀ náà yóò sì máa mú ara rẹ̀ lọ títí yóò fi rí pápá tó ń lọ. Nígbà tó yá, Boeing 727-200 wọ̀ mí lójú, nítorí òun ni bàbá mi máa ń ròyìn bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Kabo tàbí Chanchangi, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nídìí, tó jẹ́ pé bí ó bá ń kọjá lókè, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé kí ló ń dún. Mo ti fi í sínú X-Plane, simulator tí mo fi ń wa ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Èkó sí Ìlọrin sì ni mo ń wà á.

Bí mo bá ti gbéra tí mo tan autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ di ọkọ̀ mú, ọkọ̀ náà ń tọ ọ̀nà tí mo yàn fún un láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mo fẹ́ kí ó dúró ní 15,000 ẹsẹ̀ bàtà. Aago ìkìlọ̀ á dún, iná kékeré á tàn, ọkọ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò ti dúró dáadáa ní gíga náà, n óò kàn bojú wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n tó gbójú padà ó ti ń sọ̀kalẹ̀ láìsí ìró kankan. Bí ó bá dé orí VOR, ibùdó rédíò orí ilẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì. Èyí tó wá burú jù ni ti ìbalẹ̀: ó ń tẹ̀lé glideslope, ìlà rédíò tó ń darí ìsọ̀kalẹ̀ ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ ìwakọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ìkìlọ̀ pé eré ti kéré jù.

Ṣé ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà fún simulator ni kò ṣe é bó ṣe yẹ ni, àbí bí autopilot ayé àtijọ́ ṣe rí gan-an nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tèmi.

Bàbá_Ìgbọ̀nà dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ rẹ. Ọdún 1963 ni Boeing 727 kọ́kọ́ fò, kò sì sí ohunkóhun nínú autopilot rẹ̀ tó mọ ibi tí à ń lọ. Gyroscope, ohun èlò tó ń yí kíkankíkan tí kì í fẹ́ yà kúrò níbi tó dojú kọ, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, irú èyí tí Lawrence Sperry fi ya àwọn ará Faransé lẹ́nu ní ọdún 1914, nígbà tó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí ìdarí, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì jáde lọ dúró lórí ìyẹ́ ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ náà kò sì dojú dé. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Sperry yìí ló ṣe autopilot inú 727. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó di ohun tí o bá fi lé e lọ́wọ́ mú. Bí o kò bá fi nǹkan lé e lọ́wọ́, kò ní bá ọ wá a.

Nínú ọkọ̀ tuntun, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni o máa ń tẹ̀ kí autopilot tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Nínú 727, wo orí pẹpẹ tó wà láàárín awakọ̀ méjèèjì, wàá rí ọ̀pá kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti aileron, òun ló ń tẹ ìyẹ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Èkejì jẹ́ ti elevator, òun ló ń gbé imú ọkọ̀ sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n: inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí Táyé jẹ kò lè yó Kẹ́hìndé. Bí ti aileron bá dúró tí ti elevator sì já, ọkọ̀ yóò máa tọ ọ̀nà rẹ̀ lọ ní tààrà, àwọn abẹ́rẹ́ tó ń fi ọ̀nà hàn yóò wà láàárín gbungbun, o ó sì máa rò pé nǹkan ń lọ déédéé, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó di imú ọkọ̀ mú mọ́. Ohun tí o ṣàpèjúwe gan-an nìyẹn. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá autopilot wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pá méjèèjì ni kí o wò, má ṣe wo ọ̀kan.

Ní ti 15,000 tó ń gbà kọjá, nọ́ńbà tí o yí sínú fèrèsé kékeré yẹn kò bá autopilot sọ̀rọ̀ rárá. Aago àti iná ìkìlọ̀ ló wà fún, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ó ti ń sún mọ́ gíga tó ń lọ. Ohun tó ń di gíga mú ni altitude hold, gíga tí ọkọ̀ wà ní ìṣẹ́jú àáyá tí o tàn án ni yóò sì dì mú, kì í ṣe èyí tí o ní lọ́kàn. Bí o bá tàn án nígbà tí ọkọ̀ ń gòkè ní 2,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba ibẹ̀ kọjá, yóò sì wá tẹ imú bọlẹ̀ láti padà síbi tí o ti pè é, ìtẹ̀bọlẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ gidi kò ní dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Bí ó bá ku 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, n óò fi ọwọ́ kan àgbá kékeré tó ń darí imú ọkọ̀, èyí tó wà lórí pẹpẹ autopilot náà, n óò yí i síwájú díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgòkè hàn yóò fi bọ́ sí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ku 500, n óò tún yí i díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí 500. Ọwọ́ òsì á ti máa fa throttle, ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì, sẹ́yìn lákòókò kan náà, nítorí bí imú bá ti ń rẹlẹ̀, eré yóò máa pọ̀, kò sì sí autothrottle tí yóò bá ọ dín in kù. Bí ó bá ku nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà, altitude hold yá. Wàá rí i pé ọkọ̀ yóò jókòó síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́ ọn.

Ṣáájú gbogbo èyí, ṣe trim ọkọ̀ kí o tó gbé ọ̀pá méjèèjì sókè. Fi ọwọ́ ara rẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi lè dúró fúnra rẹ̀ bí o bá tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ tí kò ní trim lé autopilot lọ́wọ́, ìjà ló gbé lé e lọ́wọ́. Yaw damper pẹ̀lú, jẹ́ kí ó wà ní títàn. 727 tí kò ní yaw damper a máa yí ìdí lókè bí ó bá ga.

Ayọ̀_Stéṣàn dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìgbọ̀nà kún fún òye, mo kí yín sà. Àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ gíga tó ń bọ́ fúnra rẹ̀, nítorí àlàyé yín sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá elevator bá já, kò tíì sọ ohun tó ń já a.

Ọ̀gbẹ́ni Òkèfìà, joystick rẹ ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ohun èlò ìwakọ̀ tí a ń rà ní tòkúnbọ̀, tí eruku ti wọ̀ nínú, kì í dúró jẹ́ẹ́ bí o bá gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ a máa rán àmì kéékèèké sínú kọ̀ǹpútà láìdáwọ́dúró. Nínú ọkọ̀ òde òní nínú simulator, irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣe nǹkan. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹni tó ṣe é bá fi òótọ́ ṣe é, autopilot yóò rò pé awakọ̀ ló ń fa ọwọ́ ìwakọ̀, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣí ibi tí simulator ti ń fi bí ohun èlò ṣe ń rìn hàn, gbé ọwọ́ kúrò, kí o sì wo ìlà náà. Bí ó bá ń mì, fún un ní àyè díẹ̀ láàárín tí ìmìkìtì rẹ̀ kò ti ní já mọ́ nǹkan kan, èyí tí wọ́n ń pè ní null zone. Lẹ́yìn náà, wo bọ́tìnnì trim orí joystick bákan náà. Bí àtàǹpàkò rẹ bá ṣèèṣì kàn án nígbà tí autopilot wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pá elevator lè já, ti aileron á sì dúró gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ simulator nìkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ L-1011 ti Eastern Air Lines, ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé nígbà náà, ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Miami lálẹ́, iná kékeré tó yẹ kó fi hàn pé táyà iwájú ti jáde kò sì tàn. Wọ́n fi autopilot di ọkọ̀ náà mú ní 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, gbogbo àwọn tó wà níwájú sì kó orí jọ sídìí iná yìí. Ẹnìkan fi ara ti ọwọ́ ìwakọ̀, altitude hold já, ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kò yẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo gíga títí ọkọ̀ fi wọ inú ẹrọ̀fọ̀ Everglades. Ènìyàn 176 ló wà nínú rẹ̀. 101 ló kú. Gílóòbù iná kékeré tó jó ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí o bá ń bojú wo ilẹ̀ lójú fèrèsé, máa rántí pé kò sí agogo kankan tó pọn dandan kó dún bí gíga bá ń bọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó kàn wá ní Òṣogbo níbí: bí o bá ń lo inverter, tí iná ọba sì ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà kò ní kú ṣùgbọ́n tí USB yóò já fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí yóò sì padà. Bí joystick bá ṣe ń wọlé padà báyìí, ó lè rán àmì ńlá kan tí yóò já ọ̀pá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí tìrẹ bá jẹ́ pé méjèèjì ló ń já pọ̀, ibẹ̀ ni kí o lọ wò. Bí ó bá jẹ́ ti elevator nìkan, padà sí ọ̀rọ̀ trim.

Àdùkẹ́_Abẹ́rẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Wọ́n ti sọ ti gíga tán, nítorí náà ti VOR àti ti ìbalẹ̀ ni n óò mú, nítorí wọn kò tíì dá a lóhùn.

Ìfì tó ń fì lórí VOR kì í ṣe àìsàn. Lókè ibùdó VOR gan-an, ibì kan wà tó rí bí òkòtó tí a dojú rẹ̀ sókè, tí àmì kò ti já gaara, abẹ́rẹ́ á sì máa sáré síhìn-ín sáré sọ́hùn-ún. Autopilot tó wà ní NAV, ipò tó ń tẹ̀lé VOR, yóò máa lé abẹ́rẹ́ náà kiri. Kí o tó débẹ̀, yí i kúrò ní NAV bọ́ sí heading, ipò tó kàn ń tọ kọ́ńpáàsì, jẹ́ kí ó kọjá ní tààrà, fi ọ̀nà tuntun síbi course, kí o sì padà sí NAV nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ti fara balẹ̀. Má sì jẹ́ kí DME tàn ọ́ jẹ: láti inú ọkọ̀ dé ibùdó ló ń wọ̀n ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, nítorí náà bí o bá wà ní 24,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ibùdó náà gan-an, nǹkan bíi máìlì òkun 4 ni yóò kọ, kì í ṣe òdo.

Wàyí o, ojú ọ̀nà rẹ. Láti Èkó dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bíi máìlì òkun 132, ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n 032 lórí kọ́ńpáàsì. Fi VOR Èkó jáde, kí o sì bọ́ sórí ti Ìlọrin ní ìdajì ọ̀nà. Bí o bá wà lójú ọ̀nà, Ìbàdàn yóò wà lápá ọ̀tún rẹ nítòsí, Ọ̀yọ́ yóò wà lápá òsì, Òṣogbo wa yóò jìnnà díẹ̀ sí ọ̀tún, o ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi ìlú yẹ ohun èlò rẹ̀ wò báyìí, nítorí abẹ́rẹ́ lè wà láàárín gbungbun lórí VOR tí kì í ṣe èyí tí o rò pé o yàn. Bàbá Ìgbọ̀nà á ní kí n gbọ́ ìdánimọ̀ VOR létí, èyí náà dára. Èmi ń ṣe méjèèjì.

15,000 tí o yàn dára fún ìrìn tí kò gùn yìí. Ẹgbẹ̀rún-ún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí o fẹ́ sọ̀ ń fẹ́ máìlì òkun 3. Láti 15,000 sí 3,000 jẹ́ 12,000, ìyẹn máìlì 36. Ilẹ̀ pápá Ìlọrin ga ju 1,100 ẹsẹ̀ bàtà lọ sórí òkun, nítorí náà ní 3,000 wàá bá glideslope pàdé ní nǹkan bíi máìlì 6 sí ẹnu ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Fi nǹkan bíi 10 kún un fún dídín eré kù, nítorí 727 kì í fẹ́ sọ̀ kí ó sì dẹwọ́ eré lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí máìlì 52. Bí Ọ̀yọ́ bá ti ń yọ lápá òsì, gbé altitude hold kúrò, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀.

Ojú ọ̀nà 05 ní Ìlọrin gùn tó 3,100 mítà, ààyè kò ní há mọ́ ọ. Bí o ṣe ń bọ̀ lórí 032, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 050 tí ojú ọ̀nà 05 dojú kọ kò ju ìwọ̀n 18 lọ, igun tó rọrùn fún localizer, àmì rédíò tó ń fi àárín ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ hàn, láti gbà nìyẹn. Duro ní 3,000, lábẹ́ glideslope, má ṣe bá a pàdé láti òkè. Láti inú heading, bọ́ sí NAV/LOC; nígbà tí localizer bá ti gbà ọ́ tán ni kí o tó yí i sí AUTO G/S, ipò tó ń mú glideslope.

Ọ̀rọ̀ eré tó ń dín kù ló gba àròjinlẹ̀ jù. Glideslope ni o ní kí elevator dì mú, ó sì ń dì í mú. Bí o bá ju táyà àti flap, apá ìyẹ́ tí à ń nà síta fún ìbalẹ̀, sílẹ̀ tí o kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò fẹ́ rì sábẹ́ ìlà náà. Elevator yóò gbé imú sókè láti gbà á padà, eré yóò dín. Yóò tún gbé e sókè, eré yóò tún dín. Títí ọwọ́ ìwakọ̀ fi máa gbọ̀n, abẹ́rẹ́ glideslope kò ní kúrò láàárín, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Autopilot kò ṣe àṣìṣe kankan nínú èyí, eré kò sí lára ohun tí o bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti jáde, wá agbára ẹ́ńjìnnì tí yóò mú eré dúró ní nǹkan bíi 140 knot (máìlì òkun ní wákàtí kan), bí ọkọ̀ kò bá wúwo jù, kí ọwọ́ rẹ má sì kúrò lórí throttle mọ́. Ní 140, ìsọ̀kalẹ̀ tó bá ìwọ̀n 3 mu jẹ́ nǹkan bíi 700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá ń rí 700 tí eré sì dúró, ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ́ńjìnnì JT8D ti 727 kì í tètè jí bí o bá ti fà á sẹ́yìn pátápátá, nítorí náà má ṣe dúró di ìgbà tí eré bá ti lọ kí o tó tì í síwájú.

Awakọ̀_Òkèfìà kọ̀wé padà pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìlà joystick ń mì lóòótọ́, mo sì ti fún un ní null zone. Láti ìgbà náà altitude hold kò já mọ́. Gíga ti ń dúró pẹ̀lú àgbá kékeré tí Bàbá ní kí n máa yí. Ìbéèrè kan ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ AUTO G/S, mo rí MAN G/S. Ìgbà wo ni ènìyàn ń lo ìyẹn? Mo gbìyànjú rẹ̀, ọkọ̀ sì tẹ imú bọlẹ̀ lójijì.

Bàbá_Ìgbọ̀nà dáhùn pé:

AUTO G/S ń dúró de ìlà náà, yóò sì mú un nígbà tí o bá dé orí rẹ̀. MAN G/S kì í dúró de nǹkan kan: ó ń lé glideslope láti ibi yòówù tí o bá wà, ní ìṣẹ́jú àáyá tí o bá yí i síbẹ̀. Bí o bá wà lókè ìlà, yóò tẹ imú bọlẹ̀ láti wá a lọ, ohun tí o rí nìyẹn. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ glideslope bá ti wà láàárín gbungbun, tí o rí i pé AUTO G/S kò mú un, ni kí o lò ó, bóyá nítorí pé o pẹ́ kí o tó yí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fi í sílẹ̀. Kí ilẹ̀ sì tó sún mọ́ ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ, já ọ̀pá méjèèjì, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e balẹ̀. Trim rẹ̀ yóò ti wà ní ipò bí eré bá dúró ní 140 tí Àdùkẹ́ wí, bí eré bá sì ti yẹ̀, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀, nítorí ọwọ́ ìwakọ̀ yóò wúwo lójijì.